Abọ́ tó kọ̀ tí kò ṣú: ìdánwò pákò àtà ní Ifẹ̀

Bí o bá já pákò àtà sẹ́nu láàárọ̀ kùtù, ahọ́n ni yóò kọ́kọ́ ròyìn fún ọ. O ò tíì rún un jìnnà tí ètè á ti máa ṣe rìnnìrìnnì, itọ́ á ya bò ọ́ lẹ́nu bí ẹni lá ọsàn kíkan, kó o sì tó dáhùn "ẹ káàárọ̀" tí wọ́n kí ọ, ahọ́n ti kú bí ẹni pé dókítà eyín ti gún ọ lábẹ́rẹ́. Ìyá tí mo máa ń ra pákò lọ́dọ̀ wọn kì í fẹ́ tà á fún mi. Pákò Ìjẹ̀bú ni wọ́n máa ń fà jáde.

"Ìyá, àtà ni mo wá rà."

"Àtà! Ṣé eyín ń dùn ọ́ ni?"

"Rárá, mà."

"Kí lo wá fẹ́ fi í ṣe, ọmọ mi?"

Ìbéèrè ìyá yìí kò jìnnà sí èyí tí àwọn onímọ̀ oògùn kan ní Yunifásítì Ifẹ̀ gbé karí tábìlì ní ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, kí wọ́n tó yí orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà sí Obafemi Awolowo University ní 1987. Láyé àtijọ́, pákò ni gbogbo ilé fi ń fọ eyín. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá fífọ̀ lásán ni pákò ń fọ̀, bí búrọ́ọ̀ṣì ṣe ń fọ̀, tàbí nǹkan kan wà nínú igi náà tó ń bá kòkòrò ẹnu jà. Ní 1971 ni ìwé wọn jáde nínú Lloydia, ìwé àtìgbàdégbà àwọn ará Amẹ́ríkà lórí ewé àti egbò. Orúkọ mẹ́rin ló wà lórí rẹ̀: El-Said, Fadulu, Kuye àti Sofowora.

Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni pé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu kò bá bó ṣe ṣẹlẹ̀ mu. Wọ́n á ní Ifẹ̀ rí oògùn fòníkú-fọ̀ladìde nínú pákò. Oògùn kọ́ ni wọ́n rí. Ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni wọ́n sì ń wá kiri nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Kòkòrò ni wọ́n ń wá.

Kí n tó dé ibi ẹ̀jẹ̀, ẹ jẹ́ kí n yìn wọ́n fún nǹkan kan tí àwọn ènìyàn kì í kà sí. Omi bọ́fà ni wọ́n fi yọ ohun inú pákò jáde, ìyẹn omi tí a ti fi iyọ̀ sí kí ìkan rẹ̀ lè dúró sójú kan. Lójú tèmi, ọgbọ́n gidi ni. Itọ́ la fi ń run pákò, itọ́ kò sì kan bí ọsàn, kò jóni bí ọtí. Bí o bá fẹ́ mọ ohun tí pákò ń ṣe lẹ́nu, ohun tó jọ itọ́ ló yẹ kó o rẹ ẹ́ sí.

Gbé iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa òde òní wò, lórí ewé kan tàbí òmíràn. Púpọ̀ nínú wọn, methanol ni wọ́n rẹ ewé sí. Mo mọ ìdí rẹ̀: ọtí máa ń fa ọ̀pọ̀ nǹkan jáde lára ewé tí omi ò lè fà. Àmọ́ ẹni tó ń mu àgbo kì í mu methanol. Bó bá mu ún, ojú rẹ̀ á fọ́. Ìyẹn nìkan kọ́. Mo ti jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́ kan rí, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀, ewé tó dán wò ti pa kòkòrò inú abọ́ mọ́ tónítóní. Mo ní, "Ọtí tó o fi rẹ ewé ńkọ́, tí a bá da òun nìkan, kí ló ń ṣe?" Ó ní òun ò dán ìyẹn wò. A da ọtí náà lásán sínú ihò kan, a gbé abọ́ náà sínú ọ̀oru. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọtí ti pa kòkòrò bí ewé ṣe pa á. Ọmọ náà ò rẹ́rìn-ín mọ́. Èmi náà ò rẹ́rìn-ín, torí owó ágà tí a fi ń tọ́ kòkòrò wọ́n.

Ẹni tí kò bá ti wọ láàbù rí lè máa rò pé ìdánwò yìí ṣòro. Iṣẹ́ bí ìdáná ni. Egbò ni wọ́n ń run lára àtà; wọ́n á sá a síbòji títí yóò fi gbẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á sẹ́ ẹ. Ágà ni ilé kòkòrò. Bí ògì ló ṣe rí nígbà tó bá gbóná, bó bá tutù tán, ó ti dì bí ẹ̀kọ. Wọ́n á tẹ́ kòkòrò sójú rẹ̀ pẹrẹsẹ, wọ́n á fi irin roboto gé ihò sára rẹ̀, wọ́n á kán omi egbò sínú ihò kan, omi lásán sínú èkejì, oògùn apakòkòrò tí a ti mọ̀ dájú sínú ẹ̀kẹta. Ó di inú àpótí tó ń móoru bí ara ènìyàn, ìwọ̀n 37 lórí Celsius, di ọjọ́ kejì. Ibi tí kòkòrò bá ti hù, ágà á ṣókùnkùn bí ìgbà tí ìkùukùu bá bò ó. Ibi tí omi egbò bá ti lé wọn, òrùka kan á mọ́ roro yí ihò ká. Rúlà ni wọ́n fi ń wọn òrùka náà, mìlímítà ni wọ́n ń kà.

Kò tán síbẹ̀. Kòkòrò mìíràn wà tí ágà lásán kì í yó, àgàgà àwọn tó ń gbé ẹnu àti ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń jẹ. Nítorí náà, nígbà tí ágà bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó ṣì ń ṣàn, wọ́n á da ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sí i, wọ́n á rọra yí i. Tí o bá kánjú da ẹ̀jẹ̀ náà nígbà tí ágà ṣì gbóná, ẹ̀jẹ̀ á sè, ó á ní àwọ̀ bíi ti ṣokoléètì. Tó bá bọ́ sí àsìkò, abọ́ náà á pọ́n dẹ̀dẹ̀, ó á dán, ó á wu ojú.

Àmọ́ pípọ́n yìí kì í pẹ́. Gbogbo ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ láàbù ló mọ̀ ọ́n. Fi abọ́ ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, sẹ́ẹ̀lì pupa inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́, irin inú ẹ̀jẹ̀ á máa dípẹtà bí ìṣó tí òjò ń pa, pupa á di ràkọ̀ràkọ̀, ó á wá ṣú. Kò sẹ́ni tí í bi abọ́ pé kí ló dé tó o fi ṣú. Ó ti gbó ni, a ó kó o dànù.

Ibi tí iṣẹ́ Ifẹ̀ ti yà kúrò lọ́nà nìyẹn. Nínú àwọn abọ́ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń dán àwọn pákò wò, èyí tó ní omi egbò àtà kò ṣú bí àwọn ìyókù. Ó ń pọ́n lọ nígbà tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò ní àtà ti yí padà.

Ẹ jẹ́ ká dúró síbí díẹ̀. Òrùka tó mọ́ roro ni ìdánwò náà ní kí wọ́n wò, mìlímítà ni ìwé àkọsílẹ̀ ń retí. Kò sí àyè kankan nínú ìwé náà tí a ti ń kọ àwọ̀ ágà tó ṣẹ́ kù. Ẹni tó bá fi rúlà nìkan ṣiṣẹ́, á wọn òrùka tán, á kọ ọ́, á sì kó gbogbo abọ́ dànù, àti èyí tó pọ́n àti èyí tó ṣú. Kò ní ṣe àṣìṣe kankan. Ìwé rẹ̀ á jáde bó ṣe yẹ, pákò á pa kòkòrò, ọ̀rọ̀ á sì bùṣe.

Wọn ò jẹ́ kó bùṣe. Bí omi egbò kan bá lè dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa débi tí kò fi tètè bàjẹ́, ó tọ́ kí ènìyàn bi ara rẹ̀ pé kí ló lè ṣe fún sẹ́ẹ̀lì pupa tí ìṣòro tirẹ̀ gan-an ni pé kì í lè dúró bó ṣe yẹ. Ní ilẹ̀ yìí, ẹnì kankan ò ní láti lọ jìnnà kó tó rántí èyí tí í ṣe bẹ́ẹ̀.

Fòníkú-fọ̀ladìde ni Yorùbá ń pè é, orúkọ náà sì ti sọ ìwà àrùn náà tán: ọmọ á dákú lónìí bí ẹni tí kò ní jí mọ́, lọ́la á tún máa sáré kiri àgbàlá. Kí àyẹ̀wò tó dé, ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n pè ní àbíkú, tí wọ́n fi abẹ kọ ara wọn. Ohun tó fà á kéré débi pé ó ń yani lẹ́nu. Nínú okùn kan lára èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ kẹfà ni kì í ṣe irú èyí tó yẹ kó wà níbẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ kan péré. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ SS bá ti gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn rẹ̀ fún ara tán, èròjà náà á so kọ́ ara wọn, sẹ́ẹ̀lì tó rí roboto á tẹ̀ bíi dòjé, á le, á sì há sí ojú iṣan tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ibi tó bá há sí, ìrora ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fojú bù ú pé bí ọmọ 150,000 ni wọ́n ń bí pẹ̀lú rẹ̀ lọ́dọọdún ní Nàìjíríà nìkan.

Sofowora àti W. A. Isaacs ló gbé ìbéèrè yìí lọ sábẹ́ maikirosíkóòpù. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tẹ sẹ́ẹ̀lì ní láàbù ti wà tipẹ́: ẹ ó kán ẹ̀jẹ̀ SS sórí gíláàsì, ẹ ó pò ó mọ́ omi sodium metabisulphite tó máa ń fa ọ́síjìn kúrò, ẹ ó fi gíláàsì tín-ín-rín bò ó, ẹ ó dúró. Bí ẹ bá padà wò ó, àwọn roboto tí ẹ fi sílẹ̀ ti di dòjé, ọ̀kan ti gùn bí ewé ọkà, òmíràn ti ya ẹnu bí òṣùpá ọjọ́ kẹta. Àwọn méjèèjì wá rí i pé omi egbò àtà ń dá sẹ́ẹ̀lì tó ti tẹ̀ padà sí roboto. Kódà sẹ́ẹ̀lì tó ti hunjọ, tó yọ ṣóńṣó yí ara ká, padà bọ̀ sípò. Lloydia kan náà ló gbé e jáde, ní 1971 kan náà. Nínú ọdún kan, ìwé àtìgbàdégbà kan, egbò kan náà ti jẹ́ apakòkòrò lójú ewé kan, ó sì ti di ọ̀rẹ́ ẹ̀jẹ̀ lójú ewé mìíràn.

Láti ìgbà náà lọ, eré di eré ìje. Ní 1975, Isaacs-Sodeye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì jáde lórí bóyá egbò náà ní májèlé, àti lórí ìdánwò àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe lára àwọn aláìsàn. Ifẹ̀ ń tú omi egbò palẹ̀ láti mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, wọ́n sì ń bá ásíìdì pàdé, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, vanillic acid wà lára wọn. Ìbàdàn náà ò sùn. Ekong àti Okogun, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti ara èròjà kan tí wọ́n mọ̀ pé ó wà nínú egbò àtà, wọ́n wá ṣe èyí tó jọ ọ́ fúnra wọn, tí wọ́n pè ní DBA. Àwọn àti Koji Nakanishi ti Yunifásítì Columbia ní New York ló jọ gbé e jáde nínú Nature, ọ̀kan lára ìwé àtìgbàdégbà sáyẹ́ǹsì tó lókìkí jù lọ láyé, ní 1975 yẹn náà. Pákò tí ìyá kan ń dì ní márùn-ún márùn-ún lẹ́bàá ọ̀nà ló dé inú Nature.

Kòkòrò ńkọ́, tí wọ́n torí ẹ̀ wá? Wọn ò gbàgbé rẹ̀. Ní 1979, Odebiyi àti Sofowora sọ ohun tó ń pa kòkòrò nínú pákò àtà: àwọn alkaloid ni, irú èròjà kan tí igi fúnra rẹ̀ ń ṣe; berberine àti chelerythrine wà lára wọn. Ní 1987, Rotimi àti Mosadomi ní Èkó kó oríṣi pákò mẹ́sàn-án, wọ́n dán omi wọn wò lára àwọn kòkòrò ẹnu tí kì í fẹ́ rí ọ́síjìn, àwọn tó ń fara pamọ́ sábẹ́ erìgì. Ohun tó gbádùn mọ́ mi níbẹ̀ ni pé ohun tó ń bá kòkòrò jà kọ́ ló ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́. Alkaloid ń ṣe tirẹ̀, ásíìdì ń ṣe tirẹ̀, inú egbò kan ni wọ́n jọ ń gbé bí ayálégbé méjì tí wọn kì í kíra. Ká ní Ifẹ̀ ti kọ́kọ́ fa alkaloid yọ sọ́tọ̀ kí wọ́n tó kán an sí abọ́, torí pé apakòkòrò ni wọ́n ń wá, abọ́ ẹ̀jẹ̀ náà ì bá ṣú bí gbogbo abọ́. Omi egbò tí wọn ò tíì tú palẹ̀ ló gbé àṣírí náà wọlé.

Kí ló wá dé tí kò sí oògùn àtà tí dókítà ń kọ fún aláìsàn SS ní Nàìjíríà lónìí? Àwọn kan á ní òyìnbó ló dí wọn lọ́wọ́. Èmi ò gbà. Ẹ̀jẹ̀ orí gíláàsì kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ inú ara. Lórí gíláàsì, omi egbò àti ẹ̀jẹ̀ jọ dojú kọra ni. Nínú ara, ohun tí a gbé mì á la ikùn kọjá, á la ẹ̀dọ̀ kọjá tó máa ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, èyí tó bá ṣẹ́ kù lá wá pín káàkiri ẹ̀jẹ̀ tó ju líítà mẹ́rin lọ lára àgbàlagbà. Àní èyí tó bá la gbogbo rẹ̀ já, ó ṣì lè kọsẹ̀. Voxelotor, oògùn tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tètè tẹ̀, gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 2019. Ní 2024 ni ilé iṣẹ́ tó ni ín fúnra rẹ̀ kó o kúrò lọ́jà. Ní Burkina Faso, ẹ̀wẹ̀, wọ́n ń ta oògùn kan tó ń jẹ́ FACA, èèpo egbò àtà àti ti bọmubọmu ni wọ́n fi ṣe é. Nítorí náà igi náà ò sùn, ibòmíràn ló ti jí.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo máa ń sọ fún òbí tó bá gbọ́ ìtàn yìí tó sì fẹ́ sáré lọ ra àtà fún ọmọ. Kòkòrò wà lára ohun tó ń pa ọmọ SS jù lọ ní kékeré, torí àrùn náà máa ń ba ọlọ́ inú jẹ́, èyí tó yẹ kó máa sẹ́ kòkòrò kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ní 1986, ìdánwò kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé penicillin, tí ọmọ kékeré bá ń lò ó lójoojúmọ́, dín àìsàn tí kòkòrò pneumococcus ń fà kù ní ìdá 84 nínú 100. Ẹ jẹ́ kó run pákò tó bá ti dàgbà tó, kó sì máa lo penicillin àti folic acid àti oògùn adènà ibà tí wọ́n kọ fún un. Àtà ò gba iṣẹ́ ìkankan nínú wọn.

Ìyá tí mo ń ra pákò lọ́dọ̀ wọn ní àtà ti wọ́n. Egbò ni wọ́n ń wú, igi tí o bá ti wú egbò rẹ̀ tán kò ní rúwé mọ́. Igi ẹlẹ́gùn-ún ni, ẹbí ọsàn, bí o bá ra ewé rẹ̀ lọ́wọ́, wàá gbọ́ òórùn ọsàn. Nínú ìwé, Fagara ni wọ́n ń pè é nígbà yẹn, Zanthoxylum ló ń jẹ́ báyìí. Ó sì ní àwọn ẹbí tímọ́tímọ́ tí wọ́n jọra nínú igbó. Ìyá ò lè fi ojú nìkan sọ èyí tó wà nínú ìdì wọn, èmi náà ò lè sọ. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá ń dán egbò wò fi gbọ́dọ̀ gbé ewé, ẹ̀ka àti òdòdó rẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ń tọ́jú àpẹẹrẹ igi, bíi ti ilé iṣẹ́ igbó ní Ìbàdàn, kí wọ́n fún un ní nọ́ńbà. Láìsí ìyẹn, kò sẹ́ni tó mọ igi tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Ní láàbù tí mo ti kọ́ṣẹ́, òfin ni pé abọ́ tó bá ti pé wákàtí 48 á wọ inú ìkòkò tí wọ́n fi ń sè é kí ohun gbogbo inú rẹ̀ kú. Òfin tó dára ni, n kò ní kí ẹnikẹ́ni rú u. Àmọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ nípa abọ́ Ifẹ̀, ìgbàkígbà tí a bá ń dán egbò kan wò, mo máa ń ṣẹ́ abọ́ ẹ̀jẹ̀ méjì kù tí a kò tẹ́ kòkòrò kankan sí. Omi egbò á wà nínú ọ̀kan, omi lásán á wà nínú èkejì. Mo máa ń fi téèpù dè wọ́n lẹ́nu, mo máa ń kọ ọjọ́ sí wọn lẹ́yìn, mo sì máa ń tì wọ́n sí igun kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní kó wọn dànù. Mo ń yọjú wò wọ́n láràárọ̀ kí n tó wọ aṣọ iṣẹ́. Títí di ìsinsìnyí, méjèèjì ló máa ń ṣú.